Ibi Tí Wọ́n Fa Ìlà Sí: Bí Owó Ìwádìí Ìṣègùn Ṣe Ń Di Owó Oṣù

Bí ìjọba ṣe ń yọ owó ìwádìí ìṣègùn nínú owó orí kò ṣòro lóye, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni ọ̀nà tí owó náà ń gbà kúrò lọ́wọ́ àjọ tó ń pín in títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú eku ní láàbù, tó ń to ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú fírísà, tó ń ṣe ìṣirò èsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ àti kẹ́míkà ló ń jẹ owó ìwádìí. Owó oṣù ló ń jẹ ẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀, àjọ tó ń pín owó kọ́ ló gba àwọn òṣìṣẹ́ yìí síṣẹ́. Yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ló gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì wà lórí àdéhùn tó máa parí lọ́jọ́ tí owó ìwádìí bá parí. Nítorí náà, níbi tí wọ́n ti ń fún ìwé ìbéèrè owó ní máàkì gan-an ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò níṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ wo bí máàkì náà ṣe ń lọ. Ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, olùyẹ̀wò bíi mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé ìwé ìbéèrè kan fún kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Máàkì 1 ló dára jù, 9 ló burú jù. Èyí tó bá bọ́ sí ìdajì ìsàlẹ̀, wọn kì í sábà jíròrò lórí ẹ̀ rárá. Lórí àwọn tó kù, àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta náà á sọ tẹnu wọn, àwọn yòókù á bi wọ́n ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà olúkúlùkù ọmọ ìgbìmọ̀ á kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, kó lè bọ́ sáàárín 10 sí 90. Ẹ kíyè sí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń fún un ní máàkì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní kó ka ìwé náà fínnífínní. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń gbé lé e. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí iṣẹ́ náà sì wù ú, gbogbo yàrá lè tẹ̀lé e. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń ráhùn pé eku tí wọ́n fẹ́ lò kò pọ̀ tó, wọ́n lè bá a ráhùn pẹ̀lú.

Ní Ọsirélíà, NHMRC, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìṣègùn níbẹ̀, ń ka tirẹ̀ láti 1 sí 7, níbẹ̀ 7 ló dára jù. Fún owó tí wọ́n ń pè ní Ideas Grants, ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: bí ètò iṣẹ́ náà ṣe gúnrégé tó, 35%, bó ṣe jẹ́ tuntun tó, 25%, àǹfààní tó máa ṣe, 20%, agbára àwọn tó fẹ́ ṣe é, 20%. Wọ́n á to ìwé gbogbo láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n á máa ka owó títí yóò fi tán, ibẹ̀ ni wọ́n á fa ìlà sí. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nǹkan bí ìwé kan nínú mẹ́wàá ló ń bọ́ sókè ìlà.

Ìlà yẹn gan-an ni ìyọnu. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò sìmẹ́ńtì ni ìgbìmọ̀ ní lọ́wọ́. Ẹ gbé odindi àpò àti ààbọ̀ àpò lé e, kò ní parọ́ fún yín. Ẹ wá gbé hóró wúrà méjì lé e, kí ẹ bi í pé èwo ló wúwo jù: abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kàn máa mì ni, atẹ́gùn tó fẹ́ kọjá lè tì í sọ́tùn-ún. Ẹ lè pe èèyàn mẹ́wàá wá wò ó, kí ẹ pín ohun tí wọ́n rí dọ́gba, kí ẹ kọ ọ́ dé dẹ́símà kejì. Nọ́ńbà náà á dùn ún wò, ẹ ó sì rò pé ẹ ti mọ ìwọ̀n wúrà. Òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì náà ṣì ni.

Àwọn kan ti dán èyí wò pẹ̀lú ìṣirò. Nicholas Graves, Adrian Barnett àti Philip Clarke gba máàkì tí NHMRC fún ìwé 2,705 lọ́dún 2009, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tún ìgbìmọ̀ náà tò léraléra, bí ẹni pé àwọn olùyẹ̀wò míì ló jókòó. Wọ́n tẹ èsì jáde ní 2011. Ìwé tó rí owó gbà nígbà gbogbo jẹ́ 9%. Èyí tí kò rí gbà rárá jẹ́ 61%. Ìyókù, bíi 29%, lónìí á wọlé, lọ́la á jábọ́, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó lọ́jọ́ náà. Ní 2018, Elizabeth Pier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé 25 tí wọ́n ti kọ sí NIH rí fún olùyẹ̀wò 43. Àwọn tó ka ìwé kan náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí bó ṣe dára tó.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ojúsàájú ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí èèyàn nínú, nítorí kì í ṣe òótọ́. Nígbà tí Danielle Li àti Leila Agha wo owó ìwádìí tó lé ní 130,000 tí NIH fún àwọn èèyàn láàárín 1980 sí 2008, wọ́n rí i pé iṣẹ́ tó gba máàkì dáadáa ló ń so èso jù lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ mọ iṣẹ́ tí kò dára yọ, ohun tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ wúlò. Ibi tí wọn ò ti lè ríran ni àárín àwọn tó dára, ibẹ̀ sì ni ìlà máa ń bọ́ sí.

Iye tí ìdájọ́ yìí ń náni kò kéré. Fún ìdíje ọdún 2012 nìkan ní Ọsirélíà, ìwé 3,727 ni àwọn olùwádìí kọ. Ẹ̀gbẹ́ Barnett àti Graves ṣírò rẹ̀ pé àkókò tí wọ́n fi kọ ọ́ tó ọdún 550 iṣẹ́ ẹnì kan. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni kò rí owó.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn àwọn aṣòfin ni pé kí wọ́n fi owó kún un. Ó dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní àjọ kan ń gba 100 mílíọ̀nù lọ́dún, tí ọdún márùn-ún sì ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àwọn tó wọlé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì ń retí tiwọn, 80 mílíọ̀nù ti bá ìlérí lọ nìyẹn. 20 ló kù fún àwọn tuntun. Kí ìjọba fi 10% kún un, àwọn tuntun á rí 30: ẹni mẹ́ta á wọlé níbi tí ẹni méjì ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Inú gbogbo èèyàn á dùn, láàbù á gba èèyàn sí i. Lọ́dún kejì owó ò dín kù, 110 náà ni. Ṣùgbọ́n ìlérí ti di 90, 20 ló tún kù. Kò sẹ́ni tó gé owó, síbẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta àyè àwọn tuntun ti lọ, àwọn tó ń béèrè sì ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

NIH rí i ní kedere. Láàárín 1998 sí 2003, owó rẹ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 13.6 dọ́là, ó di bílíọ̀nù 27.1. Yunifásítì kọ́ láàbù tuntun, wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ àti postdoc, ìyẹn ọ̀mọ̀wé tuntun tó wà lórí àdéhùn onígbà díẹ̀, sí i. Lẹ́yìn náà owó dúró sójú kan, àwọn tí wọ́n ti kọ́ kò dúró. Ní 2000, nǹkan bí ìwé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń rí owó gbà. Ní 2006, ó ti di bíi méjì.

Ìdí tí èèyàn fi ń pọ̀ ju àyè lọ kò ṣòro rí. Akẹ́kọ̀ọ́ àti postdoc ni ọwọ́ tó wọ́n kéré jù láti rà. Olórí láàbù kan lè tọ́ ọ̀mọ̀wé mẹ́wàá dàgbà, ipò kan ṣoṣo ló sì máa ṣófo lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Bruce Alberts àti àwọn mẹ́ta míì kọ èyí sílẹ̀ ní 2014, wọ́n sì dábàá pé kí láàbù dín akẹ́kọ̀ọ́ kù, kí wọ́n gba àwọn onímọ̀ tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ́ títí, tí kò pọn dandan kí wọ́n di olórí. Ó ṣe kedere, ó sì wọ́n lówó, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀ lórí ẹ̀. Jámánì gba ọ̀nà òfin ní 2007: èèyàn kò gbọ́dọ̀ lò ju ọdún mẹ́fà lọ lórí àdéhùn onígbà díẹ̀ kó tó di ọ̀mọ̀wé, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́sàn-án fún ti ìṣègùn. Èrò wọn ni pé yunifásítì á fún wọn ní iṣẹ́ tó dúró. Ọ̀pọ̀ ló kàn ń pé ọdún, wọ́n á sì jáde, àyàfi tí owó ìwádìí láti ìta bá tún gbé wọn ró fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ní ti ìlà fúnra rẹ̀, àjọ ìwádìí ìlera New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kèké ní 2013 fún owó tí wọ́n ń pè ní Explorer Grants, 150,000 dọ́là tiwọn: ìgbìmọ̀ á yọ èyí tí kò yẹ, kèké á mú nínú èyí tó yẹ. Switzerland náà fàyè gbà á ní 2021 fún àwọn ìwé tí kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ó ju dẹ́símà kejì lọ. Àmọ́ kèké kì í san owó oṣù.

Èyí tó ń san án ni owó afárá, èyí tí yunifásítì fi ń gbé láàbù ró láàárín owó kan sí òmíràn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó rọrùn jù láti ṣàtúnṣe wà. Fírísà ní òdì 80 dígírì Celsius lè dúró de ìgbìmọ̀. Ìran eku tí wọ́n ti tún àbùdá rẹ̀ ṣe, wọ́n lè di ọlẹ̀ rẹ̀ sínú naitirójìn olómi ní òdì 196, kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí i padà kò ní dúró. Bó bá ku oṣù mẹ́ta kí àdéhùn rẹ̀ parí, á ti máa wáṣẹ́ síbòmíràn.

Ní NIH, láti ọjọ́ tí ìwé wọlé dé ọjọ́ tí owó bá jáde, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni. Ẹni tí ìgbìmọ̀ dá ìwé rẹ̀ padà á gbọ́ ní bí oṣù karùn-ún, á tún un kọ, á retí ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́ tó kàn, á sì tún jókòó ti ìgbìmọ̀ kejì. Láti ìgbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ dé ìgbà tí owó á dé, bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ó tó ọdún kan. Owó afárá olóṣù mẹ́fà á ti tán kí ìgbìmọ̀ kejì tó jókòó. Ó yẹ kó tó oṣù méjìlá, ó kéré tán, kó sì jẹ́ lórúkọ òṣìṣẹ́ gan-an, kì í ṣe lórúkọ olórí láàbù, kó má baà di owó kẹ́míkà lójú ọ̀nà.