Ìrìnàjò ìsinmi sí òkè òkun fún àwọn tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́

Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí òkè òkun ló nílò ìwé ìrìnnà, tíkẹ́ẹ̀tì àti owó. Ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ tún gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n àga rẹ̀, irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà gbé òun dé orí ìjókòó bàálù. Àwọn mẹ́ta yìí ni ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń béèrè, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ ẹ ní kíkọ sílẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí ìpalẹ̀mọ́ náà ṣe rí fún akàndá ẹ̀dá tàbí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tó ń gbéra láti Àkúrẹ́, ìlú Òǹdó tàbí agbègbè wọn.

Nílé, Òkè Ìdànrè ni ibi ìgbafẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n sì ń gùn kí wọ́n tó dé orí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan wo ìlú òkèèrè tí wọ́n bá ń ronú ìsinmi.

Òfin

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí àwọn akàndá ẹ̀dá ní Nàìjíríà. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe tí àga oníkẹ̀kẹ́ fi máa lè wọlé; gbèdéke náà sì pé ní 2024. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1986 ló de àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù, ó sì ti kan bàálù ilẹ̀ òkèèrè tó ń lọ síbẹ̀ tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ láti 2009.

Ti Yúróòpù, òfin 1107 ti ọdún 2006, ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ń wọ bàálù l'Ékòó. Ó pàṣẹ pé ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ ní pápákọ̀, pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ohun èlò ìrìn méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láìgba owó, àti pé kí arìnrìn-àjò fi tó wọn létí ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Bí bàálù tó ń gbé èèyàn láti Èkó lọ sí Yúróòpù bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Yúróòpù, apá kan nínú òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Ìkẹjà. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ìgbà tó bá dé pápákọ̀ Yúróòpù ni ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú Ọba náà kò pa òfin yìí tì lẹ́yìn tó kúrò nínú àjọ Yúróòpù.

Láti Àkúrẹ́ dé Ìkẹjà

Bàálù abẹ́lé wà láti Àkúrẹ́ sí Èkó, àmọ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gun irú bàálù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa gbé e àti ohun tí wọ́n máa fi gbé e. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru lè dá bàálù dúró. Ibi tí bàálù abẹ́lé ń bà sí ní Ìkẹjà sì yàtọ̀ sí ibi tí tòkè òkun ti ń gbéra. Dandan ni kí èèyàn tún wọ ọkọ̀ láàárín méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ló ń gba ojú títì, tó jẹ́ bíi 300 kìlómítà. Wọ́n lè gba Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, tàbí kí wọ́n gba ìlú Òǹdó jáde sí Ọ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bọ́ sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Ṣàgámù. Ní gáréèjì, Sienna rọrùn ju bọ́ọ̀sì lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, èèyàn sì lè fi pákó pẹlẹbẹ kan sún láti orí àga bọ́ sórí ìjókòó. Ewu tó wà níbẹ̀ ni okùn tí dẹ́rẹ́bà fi ń de àga mọ́ orí ọkọ̀. Bí wọ́n bá fa okùn náà gba àárín sípóòkù, táyà lè wọ́. Férémù ló yẹ kí wọ́n dè. Kí wọ́n dé Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, sàn ju kí wọ́n máa bá gòsúlóò jà lọ́jọ́ tí bàálù máa gbéra.

Àga náà

Ṣáájú ohunkóhun, wọ́n máa ń yẹ àga wò: nọ́ọ̀tì tó ti ń tú, búréèkì tí kò mú mọ́, táyà kékeré iwájú tí irun àti òwú ti wé mọ́ ìdí rẹ̀. Fọ́kánáísà tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ológeere lè lẹ táyà ńlá ẹ̀yìn, nítorí bákan náà ni tíúbù wọn. Férémù lọ́rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Wẹ́dà tó ń jó géètì lè jó férémù onírin, àmọ́ ti alumíníọ̀mù gba ẹ̀rọ àti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fi ti irin jó o, ó lè ṣẹ́ lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ bàálù máa fi àmì lẹ́tà mẹ́rin kan sórí orúkọ arìnrìn-àjò. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn tí kò kàn lè rìn jìnnà. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ tó lè rìn dé ìjókòó rẹ̀. WCHC ni ti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dé orí ìjókòó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ WCHR fún gbogbo èèyàn, kí ó wá di pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù, tí kò sí àga tóóró tí wọ́n ń fi gba àárín ìjókòó. Ó yẹ kí wọ́n béèrè àmì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn kí ọjọ́ tó pé.

Bí àga bá ń lo bátìrì, ìbéèrè á pọ̀ sí i. Bátìrì gbígbẹ tí kò lè dà sílẹ̀ sábà máa ń dúró sínú àga, kí wọ́n sáà ti já iná rẹ̀, kí wọ́n sì bo orí wáyà. Bátìrì lithium tí wọ́n lè yọ kò gbọ́dọ̀ kọjá 300 Wh (ìwọ̀n agbára bátìrì), inú bàálù lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín ló sì máa wà, kì í ṣe ibi ẹrù. Láti mọ iye rẹ̀, kí wọ́n fi fóòtì sọ iye Ah di púpọ̀. Bátìrì fóòtì 24 tó jẹ́ 10 Ah jẹ́ 240 Wh, kò ju ìwọ̀n náà lọ. Tó bá jẹ́ 20 Ah, ó ti di 480 Wh, ó ti ju ìwọ̀n náà lọ. Ìdíwọ̀n 300 yìí kò kan bátìrì tí wọ́n dè mọ́ inú àga tí kò ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Fọ́tò ara bátìrì níbi tí nọ́ńbà wà ń gba èèyàn lọ́wọ́ àríyànjiyàn ní káńtà.

Ẹni tó ń lo àga aláfọwọ́tì lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sínú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà bàálù. Tìmùtìmù, ìtẹ́sẹ̀ àti ohun gbogbo tó bá ń yọ ni kí ó mú wọlé. Lára àga, wọ́n máa ń lẹ ìwé kan tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ká a, ibi tí wọ́n lè dì mú, àti ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dì mú, pàápàá ọ̀pá ìdarí. Kí wọ́n ya fọ́tò àga láti gbogbo ìhà ṣáájú kí wọ́n tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Bí àga bá bàjẹ́, pápákọ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 7. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti 1999, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ẹrù ni wọ́n ka àga sí, iye tí wọ́n lè san kò sì ju 1,519 SDR (ìdíwọ̀n owó ti àjọ IMF) lọ láti oṣù kejìlá 2024, ìyẹn nǹkan bíi 2,000 dọ́là. Owó àga onímọ́tò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àdéhùn náà gbà kí èèyàn kéde iye àga rẹ̀ ní káńtà kí wọ́n tó gbà á, kí ó sì san àfikún owó tí wọ́n bá béèrè. Ẹ̀tọ́ yìí kì í sábà wá sí ìrántí àwọn arìnrìn-àjò.

Nínú bàálù

Láti Èkó sí London ju wákàtí 6 lọ. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ lè gba egbò láìmọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ó máa fọwọ́ gbé ara sókè tàbí kí ó tẹ̀ síwájú ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30. Tìmùtìmù alátẹ́gùn ń fẹ́ ìṣọ́ra: afẹ́fẹ́ inú bàálù lókè dà bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, tìmùtìmù náà á sì wú, á le. Wọ́n á tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lókè, wọ́n á sì tún fẹ́ ẹ nígbà tí bàálù bá bà. Àwọn kan kì í mu omi nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó há. Ìyẹn lè dá àìsàn ìtọ̀ sílẹ̀. Àwọn bàálù ńlá tó ní ọ̀nà méjì láàárín ìjókòó ló sábà máa ń ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àga tóóró lè wọ̀.

Ìwé àti físà

Ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà wà ní Àkúrẹ́, àmọ́ ìka àti ojú ni wọ́n ń yà níbẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ yọjú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò tó tó 30,000 yúrò, kí ó sì sọ àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ọmọ Nàìjíríà lè lo ọjọ́ 90 láìgba físà.

Ibùgbé

Ọ̀rọ̀ pé "yàrá wa dára fún akàndá ẹ̀dá" kò tó. Nọ́ńbà ni kí wọ́n béèrè. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 81.5, kí ìgẹ̀rẹ́ sì gùn ní ìlọ́po 12 gíga ibi tó ń gùn. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 nílò ìgẹ̀rẹ́ tó gùn tó 180. Fọ́tò ilé ìwẹ̀ ló ń sọ òótọ́ jù.

Àwọn ibi tí wọ́n ń lọ

Nínú àwọn tí a máa dárúkọ níbí, Ghánà ló sún mọ́ jù. Nǹkan bíi wákàtí kan ni bàálù láti Èkó sí Accra. Ẹni tó bá gba ojú títì máa la ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao kọjá. Òfin akàndá ẹ̀dá wọn ti wà láti 2006, àmọ́ àtẹ̀gùn pọ̀ ní ilé olódi Cape Coast àti Elmina. Ní London, gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú àti takisí dúdú ló ní ìgẹ̀rẹ́. Ní ti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ibùdó nìkan ni àga lè dé láìgun àtẹ̀gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibùdó 41 ti Elizabeth Line, tí wọ́n ṣí ní 2022, ṣeé wọ̀. Gbogbo ibùdó mẹ́tíróò Dubai, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ló ní lífítì. Ní Mẹ́kà, ọ̀nà àwọn alága oníkẹ̀kẹ́ wà lọ́tọ̀ láàárín Safa àti Marwa, òkè méjì tí àwọn aláàjì máa ń rìn láàárín wọn.