Gleichschaltung: "ìsomókùn-kan" ni, kì í ṣe "ìṣekòkáárí"

Gleichschaltung ni ọ̀rọ̀ Jámánì fún bí Hitler àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Násì, ṣe kó ìjọba ìpínlẹ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ ilẹ̀ Jámánì sábẹ́ àṣẹ ara wọn. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń tú u sí Yorùbá ti ń bí mi nínú tipẹ́. Bí ẹnì kan bá ń ṣàlàyé ìjọba Hitler lédè Yorùbá, tó wá kan ọ̀rọ̀ Jámánì yìí, "ìṣekòkáárí" ló máa kọ. Mo mọ ibi tó ti mú un: Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ pè é ní "coordination", òun náà sì tú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ta ni à ń pè ní olùṣekòkáárí láàárín wa? Ẹni tó ń rí sí i níbi ìnáwó pé àga dé, oúnjẹ dé, onílù dé lásìkò ni. Ṣé orúkọ yẹn ló yẹ ohun tó kó olórí òṣìṣẹ́ sí àtìmọ́lé?

Àwọn mìíràn ní "ìṣọ̀kan". Ìyẹn tilẹ̀ burú jù. Ìṣọ̀kan ni àwọn Násì fúnra wọn ń pariwo. Bí a bá gbà á lẹ́nu wọn, a ti bá wọn kiri ọjà wọn nìyẹn. "Ìmúdọ́gba" ńkọ́? Ta ni wọ́n mú bá ta dọ́gba, nígbà tí òfin ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1933 ń lé Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba?

Ìsomókùn-kan ni tèmi. Ẹ wo agbo ilé tí ewúrẹ́ pọ̀ sí, tí oníkálukú ní èèkàn tó so tirẹ̀ mọ́. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan fa gbogbo èèkàn tu, ó so gbogbo ewúrẹ́ mọ́ okùn kan ṣoṣo, ó di orí okùn náà mú. Ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ṣì ń jẹ́ ewúrẹ́ Ìyá Àgbà, àmọ́ ibi tí olókùn bá fà á sí ló ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ìtàn takò mí. Ó ní iná mànàmáná ni àwọn Jámánì ń rò: "gleich" ni bákan náà, "schalten" ni títan ṣíwíìsì, kí n yáa kọ "ìsomọ́ṣíwíìsì-kan". Òótọ́ ló sọ nípa Jámánì. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ṣíwíìsì, kò dun ẹnikẹ́ni. Ọrùn ẹlẹ́mìí ni okùn wà.

Àwọn Násì kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ó wà nínú orúkọ òfin ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1933, èyí tó tú ilé aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ ká, tó sì tún wọn tò ní ìbámu pẹ̀lú ìbò ilé aṣòfin àgbà tó wà ní Berlin. Ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ni ilé aṣòfin àgbà ti fún Hitler láṣẹ láti máa dá òfin ṣe: 444 gbà, 94 kọ̀. Ẹgbẹ́ Social Democrat ni gbogbo àwọn tó kọ̀. Wọn kò jẹ́ kí àwọn Kọ́múníìsì wọlé rárá.

Ti òṣìṣẹ́ ló ń dùn mí jù. Hitler sọ ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún di ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, ohun tí òṣìṣẹ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún gbọ́nhan. Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra wọn ní kí ọmọ ẹgbẹ́ jáde. Wọ́n jáde, wọ́n kún pápá Tempelhof ní Berlin bámú, Hitler bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn SA àti SS, ìyẹn àwọn jàǹdùkú àti ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ Násì, ya wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ káàkiri. (Èmi kò ní dúró ya SA sọ́tọ̀ lára SS níbí; ọwọ́ kan náà ló rán wọn.) Wọ́n gba owó ẹgbẹ́, wọ́n mú àwọn olórí, títí kan Theodor Leipart. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó gbogbo òṣìṣẹ́ sábẹ́ Robert Ley, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Násì.

Okùn náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò àti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá pàápàá. Wọ́n lé Júù jáde, alága tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dìbò yàn tẹ́lẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń yàn fún wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ kò yí padà, orin ń lọ.

Ológun ló kù. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1934 ni Ààrẹ Hindenburg kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọmọ ogun láti búra tuntun. Wọn kò búra fún àwọn ènìyàn wọn àti ilẹ̀ baba wọn mọ́. Adolf Hitler ni wọ́n dárúkọ, òun ni wọ́n ṣèlérí láti gbọ́ràn sí lẹ́nu títí dójú ikú.