Ìyáàlù Méjì Kì Í Darí Agbo Kan

Lóṣù yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè mí: "Ẹ̀ńjiníà, iná ìlà ń tàn, ping ń kọjá, ṣùgbọ́n fáìlì kì í dé ìparí." Ping ni ìsọfúnni kékeré tí à ń fi dán ìlà wò. Mo bi wọ́n pé, ta ló ń fún ìlà ní aago? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Rútà, ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, ni wọ́n ń pààrọ̀.

Lórí ìlà synchronous, èyí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń bá aago kan náà rìn, bíìtì (ẹyọ 0 tàbí 1) ń tẹ̀lé bíìtì láìdúró. Aago ló ń sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyáàlù kan ni í darí, omele a sì tẹ̀lé e. Ẹ wo ìlà E1, irú èyí tí iléeṣẹ́ tẹlifóònù ń lò: bíìtì 2,048,000 ló ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí aago apá kan bá fi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan yá ju ti èkejì lọ, bíìtì bí 102 ni yóò fi máa lé e ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bíìtì 256 ló sì wà nínú férémù (ìdì bíìtì) kan. Nítorí náà, kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó pé, odidi férémù kan ti sọnù tàbí kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ping kékeré á ríbi sá gbà. Fáìlì ńlá kò lè ríbi gbà.

Bí iléeṣẹ́ tó ni ìlà bá ń pèsè aago, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà lórí "line", ìyẹn ni pé kí wọ́n gba aago láti orí ìlà. Bí kò bá sí ẹni tó ń pèsè é láàárín, kí ọ̀kan wà lórí "internal" (aago ti ara rẹ̀), kí èkejì wà lórí "line". Ó tán.

Ẹ̀ka báǹkì kan l'Ékòó pè mí nígbà kan, rédíò ló so wọ́n mọ́ olú ọ́fíìsì. Ẹni tó ṣáájú mi ní òjò ni. Ó ti kọ bandwidth (iye bíìtì tí a ní ìlà ń gbà) tó tóbi sórí rútà Cisco wọn, ó sì gbowó pé òun fi kún eré ìlà. Irọ́ ni! Àṣẹ yẹn kò fi bíìtì kan kún un. OSPF àti irú rẹ̀, ìlànà tí rútà fi ń yan ọ̀nà, ló ń fi í ṣírò. Wọ́n tilẹ̀ ti ta òróró sẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní ká má ka kàǹtà (òǹkà àṣìṣe) rútà. Mo tẹ show controllers e1: Slip Secs, òǹkà ìṣẹ́jú àáyá tí férémù fi ń yọ̀, ń gòkè lójú mi. "Internal" níbí, "internal" lọ́hùn-ún. Mo yí ti ẹ̀ka sí "line", mo jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Odo ló dúró sí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan rútà tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ tẹ reload in 10, àṣẹ tí yóò tún rútà tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má sì tíì fi ètò tuntun pamọ́. Bí ọwọ́ bá ṣì, rútà á tún ara rẹ̀ tàn, á padà sí ti àtijọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ló wà tó ń yí ètò ẹ̀ka kan ní Ṣakí sí PPP, ìlànà tí rútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìlà. Lẹ́tà kan péré ló ṣì tẹ̀ nínú password CHAP, èyí tí rútà méjèèjì fi ń dá ara wọn mọ̀. Ìlà kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà lójú ọ̀nà Ṣakí, wáyà console, èyí tí à ń fi so kọ̀ǹpútà mọ́ rútà tààrà, lórí itan rẹ̀.