Táǹkì Orí Irin, Kọ́bọ́ọ̀dù àti Ilẹ̀ Tó Mì

Táǹkì onílítà 1,000 tó wà lórí irin gíga lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, tó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Bí ilẹ̀ bá mì, á fa ẹsẹ̀ irin náà lọ sápá ọ̀tún, ẹrù òkè á ṣì wà lápá òsì. Kó tó bá ẹsẹ̀ lọ, ilẹ̀ á ti yí padà. Ẹni tó ru garawa omi, tó wá fẹsẹ̀ kọ, mọ̀ ọ́n: omi á ta síwájú, á ta sẹ́yìn, á máa fa ọrùn kiri. Irin tó kàn jókòó lórí símẹ́ńtì láìní bóòtì kò ní ọrùn tó lè gba irú ìfà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbà á ni bóòtì tó wọ inú kọnkéré, irin méjì-méjì tó kọjá lórí ara wọn láàárín àwọn ẹsẹ̀, àti bẹ́líìtì irin tó de táǹkì mọ́ ibi tó jókòó sí.

Abẹ́òkúta kì í ṣe Japan tí ilẹ̀ ti ń mì léraléra, orí àpáta líle ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 sì dé Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀.

Òpó, bíìmù àti dẹ́kì ló ń gbé ilé dúró. Àjà, fáànù, páìpù àti kọ́bọ́ọ̀dù kò gbé ilé, síbẹ̀ wọ́n lè pa èèyàn nínú ilé tí kò wó. Ní Los Angeles, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1971 ba ilé ìwòsàn Olive View jẹ́, wọ́n sì tún un kọ́ kó lè dúró. Nígbà tí ilẹ̀ tún mì níbẹ̀ lọ́dún 1994, ó dúró lóòótọ́. Páìpù omi ló bẹ́, ó sì di dandan kí wọ́n kó àwọn aláìsàn jáde. Ó dunni gan-an, torí páìpù tó rọ̀ níbi oríkèé, tí wọ́n sì dè dáadáa, kì í tètè já.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ń mì ju ìsàlẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹrù wúwo fi yẹ kó wà nísàlẹ̀. Pákó gíga tí wọ́n to àdìrẹ sí ní Ìtòkú nílò irin onígun lókè tó máa dè é mọ́ ògiri, kí ìṣó rẹ̀ sì wọ búlọ́ọ̀kù. Èyí tó mọ sí ara símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri á fà jáde wẹ́rẹ́. Ẹ̀wọ̀n kan àti ìkọ́ méjì lára ògiri ti tó fún sílíńdà gáàsì.