Yíyan ìkànnì Wi-Fi láti dín ìdílọ́wọ́ kù

Yíyan ìkànnì Wi-Fi ni pípinnu ibi tí ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) yóò ti máa ṣiṣẹ́ nínú ọ̀wọ́ ìgbì rédíò tí a yà sọ́tọ̀ fún un, kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó múlé gbe ara wọn má baà máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀wọ́ 2.4 GHz ni wàhálà yìí ti pọ̀ jù (GHz àti MHz ni òṣùwọ̀n ìgbì rédíò; 1 GHz jẹ́ 1000 MHz). 2412 MHz ni àárín ìkànnì 1, 5 MHz péré ló sì wà láàárín ìkànnì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ìgbì Wi-Fi kan ń gba àyè tó tó 20 MHz. Ìdí nìyí tí ráútà tó wà lórí ìkànnì 3 fi ń wọnú àyè ìkànnì 1, tí ó sì tún ń wọnú ti ìkànnì 6. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìkànnì ti pin sí 11, mẹ́ta péré ni kì í kan ara wọn: 1, 6 àti 11.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò, bíi 4, ló dára jù. Àṣìṣe gidi ni èyí. Ẹ̀rọ Wi-Fi a máa tẹ́tí sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbọ́ ẹlòmíràn lórí ìkànnì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé e, yóò sì dúró de àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì méjì bá kàn wọnú ara wọn díẹ̀, ariwo lásán ni ìgbì èkejì jẹ́ sí i, kò sì ní dúró àfi bí ariwo náà bá lágbára gan-an. Ìsọfúnni a bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a ó sì ní láti tún un fi ránṣẹ́. Ó sàn, nígbà náà, kí a bá aládùúgbò pín ìkànnì 6 ju kí a fara pamọ́ sórí 4 lọ.

Agbára ìgbì náà ṣe pàtàkì ju iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ: nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta tí a kàn ń gbúròó wọn lókèèrè lè má ṣèdíwọ́ tó ẹyọ kan tó wà lẹ́yìn ògiri. Bluetooth àti máíkírówéèfù náà ń lo ọ̀wọ́ yìí.

Àyè gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 5 GHz, níbi tí ìkànnì 36, 40, 44 àti 48 kò ti kan ara wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dúró sí 20 MHz. Ẹni tó bá fẹ̀ ẹ́ sí 80 MHz ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ráútà tó bá gbọ́ rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò ṣàwárí ohun tó wà lókèèrè) lórí ìkànnì 52 gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ráútà tó ń yan ìkànnì fúnra rẹ̀ kò lè gbọ́ ju ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, inú yàrá tí a ti ń lo kọ̀ǹpútà gan-an ló yẹ kí a ti ṣàyẹ̀wò àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí.