Bí ẹgbẹ́ jáàsì kékeré ṣe ń gba àwo orin sílẹ̀ ní sítúdíò

Ọ̀pọ̀ orin tó ń jáde lóde òní, ègé-ègé ni wọ́n ń kó o jọ: ìlù lónìí, gìtá lọ́la, akọrin ní ọ̀tunla. Jáàsì kì í sábà gba irú ìyẹn. Bí onífèrè bá ń dárà, onílù ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹni tí kò sì sí níjokòó kò lè dáhùn. Nítorí náà, mẹ́rin tàbí márùn-ún wọn á jọ wọ yàrá, wọ́n á jọ ṣeré náà láti orí dé ìdí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Máìkì tó wà lẹ́nu fèrè ń gbọ́ ìlù pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti rí àdìrẹ oníko ní Ìtòkú á tètè lóye rẹ̀: ibi tí ìko kò bá ti mú aṣọ dáadáa, aró á wọ ibẹ̀, kò sì ní ṣeé fọ̀ kúrò. Bí onífèrè bá ṣì í, a ò lè yọ tirẹ̀ nìkan; gbogbo wọn ni yóò tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fi ń pẹ́ nídìí ibi tí máìkì máa dúró. Bí máìkì bá jìnnà sí fèrè ní ẹsẹ̀ bàtà 1, máìkì kejì á jìnnà sí máìkì àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán.

Ní Abẹ́òkúta, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kún un, àti òjò lórí páànù. Fáànù gan-an, wọ́n á pa á kí ariwo rẹ̀ má bàa wọ máìkì. Ooru á wá mú, ohùn fèrè á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ dùùrù kò ní bá a lọ. Kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, onífèrè á fa ẹnu fèrè rẹ̀ síta díẹ̀ kí ohùn méjèèjì lè bára mu.

Bí iṣẹ́ bá ti mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í pẹ́. Ọjọ́ méjì péré, 2 oṣù Kẹta àti 22 oṣù Kẹrin 1959, ni ẹgbẹ́ Miles Davis, onífèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, fi gba àwo orin Kind of Blue sílẹ̀ ní New York.

Lẹ́yìn náà, nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ṣe orin kan, wọ́n á ṣa èyí tó dára jù. Èyí tí kò ní àṣìṣe kọ́ ló máa ń borí. Èyí tó ní ẹ̀mí ni. Bí ó bá jẹ́ àwo onígíráámù, ẹ̀gbẹ́ kan kì í sábà gbà ju bí ìṣẹ́jú 22 lọ, orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn láti fi parí rẹ̀, nítorí bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ àárín, ohùn líle máa ń há lẹ́nu rẹ̀.