Ìwé tó gbọ́dọ̀ bá aláìsàn lọ síbi ìfọ̀jẹ̀, kó sì bá a padà

Àgbàlagbà tó ń gbé ilé ìtọ́jú, tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, sábà máa ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà 3 lọ́sẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ibi kan mọ̀ nípa rẹ̀, tí ibi kejì kò gbọ́, lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ rán an lẹ́nu o: ó ti rẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, òòyì sì lè máa kọ́ ọ. Ìwé ni kó máa lọ, kó máa bọ̀.

Bó bá ń lọ, kí nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ara rẹ̀ bá gbóná, iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bó bá ní àtọ̀gbẹ, oògùn tó ti lò àti aago tó lò ó. Bó bá ṣubú, ẹ kọ ọ́, kódà bí kò bá kérora. Níbi ìfọ̀jẹ̀, wọ́n sábà máa ń lo oògùn heparin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó forí gbálẹ̀ lóru lè torí oògùn yìí máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú agbárí.

Bó bá ń bọ̀, kí àwọn ti ibi ìfọ̀jẹ̀ kọ iye kílò tó wọ̀n nígbà tó dé àti nígbà tó ń lọ, iye omi tí wọ́n fà, ìfúnpá rẹ̀, àti oògùn tí wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Kílò 1 tó lé láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó nǹkan bíi lítà omi 1. Òṣùwọ̀n kan náà àti irú aṣọ kan náà ni kí ẹ máa lò. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn kò bá jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran ara rẹ̀ á máa dín kù, omi á sì gba ipò rẹ̀. Òṣùwọ̀n á ní kò sí ewu, nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń wú, tí kò sì lè mí dáadáa bó bá sùn gbalaja. Ilé ìtọ́jú ló ń rí àwo oúnjẹ rẹ̀, àwọn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí dókítà lè dín ìwọ̀n ara tí wọ́n fẹ́ kó ní lẹ́yìn ìfọ̀jẹ̀ kù.

Oògùn ńkọ́? Ẹ̀rọ máa ń fa àwọn oògùn apakòkòrò kan jáde, nítorí náà ẹ̀yìn ìfọ̀jẹ̀ ni wọn ń lò wọ́n. Kí dókítà kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀: èwo ni kó lò kó tó lọ, èwo ni kó dúró dìgbà tó bá dé. Oògùn tó ń dí phosphate, èròjà kan nínú oúnjẹ, lọ́wọ́ láti wọnú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wọlé. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ẹ dì í mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Apá tó ní fístúlà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ fún ìfọ̀jẹ̀, ẹ má wọn ìfúnpá níbẹ̀, ẹ má gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́: ó yẹ kó máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka. Bí kò bá gbọ̀n mọ́, ẹ pe ibi ìfọ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ọkọ̀ kò bá wá tàbí aláìsàn kọ̀ láti lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tó kàn. Potassium, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, lè dá ọkàn dúró bó bá pọ̀ jù, omi sì lè kún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pe ibi ìfọ̀jẹ̀ kí wọ́n wá àyè míì fún un, ẹ sì sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà.